Ọmọ Tí A Fà Lé Tíṣà Lọ́wọ́

Nígbà tí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1955, ìwé ọjọ́ ìbí kò sí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òbí. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ọmọ ti tó ọdún mẹ́fà ni pé kí ó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá, kí ìka rẹ̀ kan etí òsì. Bí ó bá kàn án, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ́jísítà. Bí kò bá kàn án, ó di ẹ̀ẹ̀míì. Àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá mọ èyí dáadáa, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. Ohun tí a kì í sábà sọ ni gbólóhùn tí bàbá tàbí ìyá máa ń fi síi lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ orúkọ tán: "Tíṣà, ọmọ yín rèé o. Ẹ bá wa nà án. Bó bá ṣagídí, ẹ má wojú wa." Bàbá á dúpẹ́, á gbé àdá rẹ̀, ó di oko.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe ní agbègbè Èpẹ́ láti ọdún 1977 títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ní ilé-ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́, èmi náà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe akọ̀wé Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́, tí gbogbo ayé ń pè ní P.T.A., nítorí pé ìkọ̀wé mi ṣeé kà. Ìgbàkúùgbà tí a bá gbọ́ pé wọ́n ṣe ọmọ kan léṣe nílé-ìwé, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé níbo làwọn òbí rẹ̀ wà. Mo gbà pé ìdáhùn rẹ̀ wà nínú gbólóhùn ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ yẹn. Àṣà fífa ọmọ léni lọ́wọ́ ti pẹ́ láàárín wa. Ó ti dáàbò bo ọmọ púpọ̀, ó sì ti pa ọmọ púpọ̀ lẹ́nu mọ́, ó sì yẹ kí a mọ bí ó ṣe ṣe méjèèjì.

Kí ìwé tó dé ló ti wà. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀dẹ, ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ló ń gbé. Ẹni tó ń kọ́fá, ilé babaláwo ló ń sùn. Ọmọ ilé kéwú ń ṣẹ́gi, ó ń pọnmi fún alfa kó tó jókòó ti wàláà. Ọ̀gá ló ń bọ́ ọmọ, òun ló ń nà án, òun ló ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé ìlú kan náà ni ọ̀gá àti ẹbí ọmọ ń gbé, àti pé adúgbò kan náà ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bí igbe ọmọ bá pọ̀ jù, ìyá àgbà kan á yọjú láti agboolé kejì, á ní, "Ó tó báyìí." Ọ̀gá á sì fi pàṣán sílẹ̀, nítorí pé ìyá yẹn lè mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé iwájú baálé. Kò sí òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ níbẹ̀. Etí tó ń gbọ́ igbe ni òfin.

Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 1842, Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní ọdún kejì rẹ̀, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, William de Graft, àti ìyàwó de Graft dá ilé-ìwé sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ Sàró tó padà wálé ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́kọ́ jókòó níwájú wọn. Bí ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì ṣe ń wọ inú ilẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ òbí kò fẹ́ kí ọmọ wọn fi oko sílẹ̀, nítorí náà àwọn míṣọ́nnárì ń gba ọmọ sọ́dọ̀ ara wọn: wọ́n ń fún un láṣọ, wọ́n ń fún un lóúnjẹ, ọgbà míṣọ̀n ló sì ń sùn. Ìgbà yẹn ni nǹkan kan yí padà tí a kò fiyè sí. Ọmọ kúrò níbi tí ìyá àgbà ti lè gbọ́ igbe rẹ̀.

Ilé-ìwé gíráámà mú kí ó jìnnà sí i. C.M.S. Grammar School ti wà ní Èkó láti ọdún 1859, Thomas Babington Macaulay ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Ti Abẹ́òkúta dé ní 1908, ti Ìbàdàn àti ti Ìjẹ̀bú-Òde dé ní 1913. Àwọn ọmọ ń ti ìlú jíjìnnà wá sí bọ́dìn pẹ̀lú àpótí pákó lórí, ọ̀gá ilé-ìwé sì di bàbá fún wọn. Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti wà ní Ìjẹ̀bú-Òde láti 1919 títí di 1932, ó sì wà ní Abẹ́òkúta láti ìgbà náà títí di 1954. Òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ nípa pàṣán rẹ̀, Fẹlá ọmọ rẹ̀ wà nínú wọn. Àwọn kan náà yìí ló sì ń sọ nípa ìfẹ́ tí ó ní sí àwọn ọmọ. Mo gbà pé òótọ́ ni méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni pé láyé ìgbà yẹn, bí ọmọ bá ṣe wà nínú ewu tàbí nínú àlàáfíà, ọwọ́ ènìyàn kan ṣoṣo ló wà. Bí ọ̀gá bá jẹ́ ènìyàn rere, ọmọ rí ààbò. Bí kò bá jẹ́ ènìyàn rere, tàbí bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ tí àwọn sínọ́ inú bọ́dìn kò rí bẹ́ẹ̀, ta ni ọmọ máa sọ fún? Ẹ̀ẹ̀kan láàárín sáà ni ìyá ń wá kí i, pẹ̀lú gààrí àti epo, gbogbo ilé-ìwé á sì ti wọ aṣọ funfun.

Ọdún 1955 tún un ṣe díẹ̀, ibí yìí ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti rí bí ilé àti ilé-ìwé ṣe lè jọ ṣiṣẹ́.

Kò rọrùn níbẹ̀rẹ̀. Ní 1953 ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bu owó-orí ẹ̀kọ́ àti ìlera lé àwọn ènìyàn, sílè mẹ́wàá àti sísì. Àwọn ìlú kan fárígá, ìjà ṣẹlẹ̀, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ sì fìdí rẹmi nínú ìdìbò 1954. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀kùn ilé-ìwé ṣí, iye ọmọ tó wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bíi 457,000 sí nǹkan bíi 811,000 láàárín ọdún kan. Iyàrá kò tó. Ní abúlé bíi ti wa, àwọn ọkùnrin po amọ̀, àwọn obìnrin pọnmi, wọ́n kọ́ ògiri fúnra wọn, wọ́n sì fi koríko tàbí páànù bò ó. Wọ́n wá fún tíṣà ní iyàrá nínú agboolé Baálẹ̀ tàbí lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì.

Iyàrá tíṣà yẹn ni àṣírí gbogbo rẹ̀. Tíṣà ń gbé láàárín àwọn tó ń kọ́ lọ́mọ. Lọ́jọ́ Sunday, òun ló ń ka bíbélì nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní apá àwọn Mùsùlùmí, bíi ti ilé-ìwé Ansar-Ud-Deen, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, òun àti bàbá ọmọ ló jọ ń kírun nínú sàfù kan náà lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ ló ti ń ra ẹja àwìn. Kò ṣeé ṣe kí ó na ọmọ yín dé ibi tí ara rẹ̀ ti bẹ́ lọ́jọ́ Thursday, kí ó sì fara kan yín nínú sàfù lọ́jọ́ kejì, kí ọ̀rọ̀ náà má jáde. Bí ọmọ kò bá wá sílé-ìwé, tíṣà á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ní ìrọ̀lẹ́, á ní, "Ìyá Làmídì, mi ò rí Làmídì lónìí." Bí ọmọ bá wọlé pẹ̀lú ojú wíwú, wọ́n á ti mọ̀ kí oòrùn tó wọ̀ bóyá pàṣán ni, ìjà ni, tàbí igi máńgòrò ló ti já bọ́.

Èmi kò sọ pé ìgbà yẹn dùn bí oyin. Mo mọ àwọn ẹgbẹ́ mi tí pàṣán lé kúrò nílé-ìwé, tí wọn kò padà mọ́. Bàbá àgbà ni wọ́n lónìí, àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń fọwọ́ sí ìwé. Bàbá wọn ló ti sọ fún tíṣà pé kó má wojú òun, nítorí náà wọn kò lè dé ilé kí wọ́n sọ pé ó dun àwọn. Ẹgba kejì ló ń dúró dè wọ́n nílé. Ìwọ̀nyí ni àwọn tí àṣà náà pa lẹ́nu mọ́.

Ní àwọn ọdún 1970 ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 1976 ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ, tí wọ́n ń pè ní U.P.E., bẹ̀rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn tí Alhaji Lateef Jákàńdè di gómìnà ní 1979, ó sọ ilé-ìwé gíráámà di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì pa ètò òwúrọ̀ àti ọ̀sán tí àwọn ọmọ fi ń pín kíláàsì lò rẹ́. Mo dúpẹ́ fún gbogbo rẹ̀. Àwọn àbúrò mi kàwé nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n tíṣà kúrò nínú iyàrá Baálẹ̀. Ìjọba ló ń gbé e kiri báyìí, lónìí Ìbẹ̀jù, lọ́la Ìkòròdú, bọ́ọ̀sì ló sì ń gbé e wá láàárọ̀, tí ń gbé e lọ lọ́sàn-án. Kíláàsì tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi kún débi pé àwọn kan jókòó sílẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ìyá oníkálukú?

Àkókò yìí ni P.T.A. gbilẹ̀. Ó yẹ kó jẹ́ pé òun ló máa di iyàrá tíṣà tó sọnù. Mo ní láti sọ ohun tí ọwọ́ mi kọ. Nínú àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé tí mo pa mọ́, ọ̀rọ̀ àga ló kún ibẹ̀, ọ̀rọ̀ páànù tí atẹ́gùn ṣí, owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa dá, àti ẹ̀bùn fún ọ̀gá ilé-ìwé tó ń lọ. Ojú-ìwé ń tẹ̀lé ojú-ìwé. Òbí tó ti sanwó gbà pé òun ti ṣe ti òun. Òbí tí kò rí owó san kò wá sípàdé mọ́. A sọ ìpàdé di ibi ìgbowó, ó sì ń yà wá lẹ́nu pé àwọn ènìyàn ń sá fún un.

Àfi ọjọ́ kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ìyá kan tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo dìde láti ẹ̀yìn. Alága ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì lọ́wọ́. Ìyá yìí ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ bi yín léèrè. Láti ìgbà tí sáà yìí ti wọlé, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ mi lójú ọ̀nà odò. Bí kò bá mú un wá, wọ́n á nà án. Bẹ́ǹṣì tí ẹ ń wí yìí, tí kò bá lè dé ibẹ̀, ta ló máa jókòó lórí ẹ̀?" Alága sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ìta ilé-ìwé nìyẹn. Obìnrin mìíràn dìde, ó ní tòun náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta dìde. Nígbà tí a máa fi túká, bẹ́ǹṣì kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.

Ohun tí àwọn ìyá náà ṣe kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Wọ́n pín ọ̀sẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹni tí kò bá jẹ́ ọjọ́ ọjà ńlá fún un, òun ló ń dúró ní oríta odò ní àkókò tí ilé-ìwé bá ń tú. Àwa tíṣà náà jẹ́ kí àwọn kéékèèké jáde ṣáájú, ọ̀kan nínú wa sì ń bá wọn rìn dé orí afárá. Láàárín ọjọ́ mélòó kan a ti mọ àwọn tó ń gbowó: ọmọ ilé-ìwé wa ni wọ́n, wọ́n kàn dàgbà jù ni. Àwọn bàbá kan fẹ́ kí a nà wọ́n níwájú gbogbo ilé-ìwé. Ìyá elẹ́ja yẹn ló ní kí a kọ́kọ́ pe àwọn òbí wọn. A pè wọ́n. Ó hàn pé ebi ló ń pa méjì nínú wọn, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tó máa ń wà lójú omi lọ́sàn-án lóru ni wọ́n ń gbé. A rí ẹni tó ń fún wọn lóúnjẹ àárọ̀. Ìgbowó dúró. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé, láàárín ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì àti ọ̀rọ̀ páànù, ó sì jẹ́ ojú-ìwé tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo fi ọwọ́ mi kọ nínú iṣẹ́ yìí.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ewu ni obìnrin lè dúró ní oríta dè. Ẹ wo ti ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ẹgbẹ́ Pyrates tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méje dá sílẹ̀ ní University College, Ìbàdàn, ní 1952 kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tó yọ jáde lẹ́yìn rẹ̀ di ti apànìyàn, nígbà tó sì fi máa di òwúrọ̀ kùtù 10 oṣù Agẹmọ 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ti wọ ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Láti yunifásítì ni ẹgbẹ́ òkùnkùn ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí gíráámà. Ní 2021 ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó lè fi ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn sẹ́wọ̀n ọdún 21. Òfin dára, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ti ń bẹ̀rù àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri kò ní lọ ka òfin. Ẹni tó máa sọ fún ló ń wá. Bí ilé bá ń na ẹni tó bá sọ pé wọ́n na òun nílé-ìwé, àwọn ọmọkùnrin ẹ̀yìn ògiri ló máa sọ fún.

Lẹ́yìn ẹgbẹ́ òkùnkùn ni ajínigbé dé. Nígbà tí wọ́n kó ọmọbìnrin 276 ní Chibok ní 14 oṣù Igbe 2014, ọ̀pọ̀ nínú wa sọ pé ọ̀rọ̀ Òkè-Ọya ni. Ní òpin oṣù Èrèlé 2016 wọ́n gbé ọmọbìnrin mẹ́ta ní Babington Macaulay Junior Seminary, ní Agúnfóyè, ní Ìkòròdú; orúkọ ọ̀gá àkọ́kọ́ ilé-ìwé gíráámà Èkó yẹn náà rèé. Wọ́n rí wọn gbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, wọ́n wọ ilé-ìwé Model College ti ìjọba ní Igbóńlá, lẹ́bàá Èpẹ́ wa níbí, wọ́n gbé akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, olùkọ́ kan, àti igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé. Ní Ṣẹẹrẹ 2017 wọ́n gbé ènìyàn mẹ́jọ, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́, ní ilé-ìwé Turkish tó wà ní Ìṣẹ́rí. Ní 25 oṣù Èbìbí 2017 wọ́n tún padà sí Igbóńlá, wọ́n gba apá àbàtà wọlé, wọ́n gbé ọmọkùnrin mẹ́fà lọ. Ó lé ní 60 ọjọ́ kí àwọn ọmọ náà tó padà, ní ìparí oṣù Agẹmọ.

Àwọn tí kò gbé ní Èpẹ́ lákòókò náà kò lè mọ bí ọjọ́ wọ̀nyẹn ṣe gùn tó. Ní mọ́ṣáláṣí a ń gbàdúrà, ní ṣọ́ọ̀ṣì a ń gbàdúrà. Àwọn òbí ń wá kó ọmọ wọn kúrò ní bọ́dìn, àpótí ń wọ ọkọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ìpàdé P.T.A. kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gbogbo wa sì ń pariwo fẹ́ǹsì. Mo gbà pé ó yẹ kí fẹ́ǹsì wà. Ṣùgbọ́n àwọn apẹja tó ń gba ojú ọ̀sà kọjá lóru, àwọn obìnrin tó ń sá ẹja lẹ́bàá omi, àwọn ọlọ́dẹ tó mọ gbogbo ipa ọ̀nà inú àbàtà, òbí tàbí ìbátan akẹ́kọ̀ọ́ agbègbè yìí ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ló máa kọ́kọ́ rí ojú àjèjì. A kì í pè wọ́n sípàdé, nítorí pé ìpàdé tiwa, ti ẹni tó lè dáwó ni.

Fẹ́ǹsì kò sì dé ojú ọ̀nà. Ní 29 oṣù Ṣẹẹrẹ 2024, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kan ń gbé ọmọ lọ sílé láti Ẹmùré-Èkìtì. Àwọn ajínigbé dá a dúró, wọ́n kó ọmọ márùn-ún, olùkọ́ mẹ́ta àti awakọ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n pa ọba méjì ní Èkìtì. Ní ọjọ́ 4 oṣù Èrèlé àwọn ọmọ àti àwọn olùkọ́ padà sílé. Awakọ̀ kò padà.

Ìwé ìjọba kò wọ́n wa. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà láti 2003, ti Èkó láti 2007. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde lórí ààbò ilé-ìwé ní 2021, ọdún kan náà tí àwọn orílẹ̀-èdè pé jọ sí Àbújá lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n tún ní kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ alábòójútó tí àwọn ará ìlú, òbí, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀. Níbi tí ìgbìmọ̀ yìí bá ti ń ṣiṣẹ́, mo rí i pé ó ń ṣe ohun tí iyàrá tíṣà ń ṣe ní 1955. Níbi tí kò bá sí, ìdàkejì la ń rí: bàbá gbọ́ pé tíṣà lu ọmọ òun, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó kó jàǹdùkú wá lu tíṣà níwájú kíláàsì. Àwọn ọmọ ń wò. Kí ni a fẹ́ kí wọ́n kọ́ níbẹ̀?

Ní sáà tó kọjá, wọ́n pè mí gẹ́gẹ́ bí àgbà sí ìpàdé òbí ní ilé-ìwé tí ọmọ ọmọ mi ń lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, obìnrin tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, fi ọ̀rọ̀ ààbò síwájú ọ̀rọ̀ owó. Olùkọ́ kíláàsì kọ̀ọ̀kan ti bi àwọn ọmọ léèrè ṣáájú pé níbo ni ẹ̀rù ti ń bà wọ́n, ó sì ka ìdáhùn wọn láì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Èyí tó pọ̀ jù ni ilé àkọ́kù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí àwọn ọmọkùnrin kan ń jókòó sí. Onílé náà wà láàárín wa, òbí ni, kò sì mọ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun di ọ̀sẹ̀ méjì láti dí ojú ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ pa. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ kan nínú àwọn bàbá ní òun á máa gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí ilé-ìwé bá tú títí onílé á fi ṣe é. Ọ̀gá ilé-ìwé kọ orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ tó kàn ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣeé tì.